Ìyá Oníbàtà, Tó Ń Ka Ẹsẹ̀ Onírọ́

Ìyá mi àgbà ká irọ́ mọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́nu rí, ewúrẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Lajifarani, ní ìlú Parakou, ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n sá iṣu sórí ẹní, nǹkan kan jẹ ẹ́, ewúrẹ́ mẹ́rin sì dúró níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀ tó ń retí òjò. Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú wọn. Kò wo ẹnu wọn, kò wo ikùn wọn. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wò. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó na ìka sí èyí tó dúdú, ó ní, "Ìwọ." Ewúrẹ́ dúdú náà fi orúnkún iwájú méjèèjì kúnlẹ̀, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn mẹ́ta yòókù kẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá a mu omi nínú abọ́ kan mọ́.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ewúrẹ́ náà. Lóòótọ́ a ti pa á jẹ ní Kérésì ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ tọkàntọkàn kì í jẹ́ kí irú ìyẹn dí òun lọ́wọ́.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Ìyá àgbà kú. Ọjọ́ orí rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ní irun funfun nínú imú, nítorí náà ẹ fojú bù ú. Tántí Dúpẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ló ní kí n kọ nǹkan nípa rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé. Ìwé mi ò ju kíláàsì mẹ́rin lọ, mo sì tún ìkẹrin yẹn ṣe. Àyè ni mo ní.

Tántí Dúpẹ́ ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n má purọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Tántí."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo fà á sábẹ́ àga.

Bàtà ni Ìyá àgbà ń tà ní Zongo, àdúgbò àwọn Haúsá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàráàjì tí àwọn kámíọ̀ tó ń lọ sí Malanville ti ń kó ẹrù. Ó ń ta bàtà aláwọ, ó ń ta bàtà rọ́bà, ó sì ń ta tapẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sílípáàsì tí gbogbo ayé ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀ àti sí ìgbéyàwó. Àpótí tó ń jókòó lé kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Nítorí náà, láti orúnkún dé ilẹ̀ ni gbogbo Parakou ń kọjá lójú rẹ̀. Haúsá kọjá, Dẹńdì kọjá, Bàrìbá kọjá, àwa Yorùbá náà kọjá. Bí o bá bi í pé, "Ìyá, ta ló kọjá yẹn?" á ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ ará Kandi yẹn ni. Inú ń bí i lónìí." Ojú ẹni náà, kò mọ̀ ọ́n rí.

Níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà á gbé bàtà wò, á gbé e sílẹ̀, á ní, "Màmá, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀dọ̀ àwọn tó kù." Ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti kọjú sí ọ̀nà, á dá bàtà padà sórí okùn. Bó bá ṣì kọjú sí ìsọ̀, á fi bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì nù ún. Kì í pẹ́ tí onítọ̀hún á fi padà. Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín sí mi, á ní, "Ẹnu rẹ̀ ń dágbére, àtàǹpàkò rẹ̀ ń nájà."

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í wo ojú àwọn ènìyàn bí gbogbo ayé.

Ó ní, "Ojú kẹ̀? Ojú ti lọ sí ekóólù. Wọ́n ti kọ́ ojú ní wíwolẹ̀, wọ́n ti kọ́ ẹnu ní ẹ̀rín, wọ́n ti kọ́ ọwọ́ ní ìkíni. Ta ló jókòó kọ́ ẹsẹ̀ ní nǹkan kan?"

Mo gbìyànjú láti kọ́ tèmi. Mi ò fẹ́ràn ekóólù, mo sì fẹ́ràn odò. Bí mo bá ti odò dé, mà á dúró níwájú Ìyá àgbà, mà á ní ilé ìwé ni mo ti ń bọ̀, mà á sọ fún ìka ẹsẹ̀ mi pé kí wọ́n fara balẹ̀. Ibi tí mo bá ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni á ti ní, "Omi náà gbóná àbí ó tutù?" Kò nà mí púpọ̀. Ó fẹ́ràn irọ́ mi, kí n má tàn yín. Bí mo bá ní erin kan bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń béèrè ohun tí erin náà wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ó ní, "Irọ́ tí gbogbo ilé mọ̀ pé irọ́ ni, eré ni. Èyí tí o bá fi ẹsẹ̀ pamọ́ nítorí rẹ̀, òun ni kó o bẹ̀rù."

Ará Ṣábẹ̀ ni wá. Nílé wa, obìnrin a máa kúnlẹ̀, ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀. Ní ilé àwọn ẹlòmíì, bí o bá ti kúnlẹ̀, wọ́n á ní dìde, wọ́n á súre, ó tán. Ìyá àgbà kì í ní dìde. Á fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Á béèrè ìyá rẹ, á béèrè òjò abúlé yín, á béèrè ọ̀rọ̀ tó gbé ọ wá gan-an. Ibi tó o bá ti ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni á ti dìde bí ẹni tó fẹ́ bu omi, á sì gba ẹ̀yìn rẹ kọjá. Ìwọ wà lórí orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ bí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹni tó ń sọ òótọ́, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á sùn. Ẹni tó ń purọ́, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ilẹ̀ mú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ. Àwọn àlejò mọ̀ pé ó ń pẹ́ kó tó dáhùn ìkíni. Ìgbéraga ni wọ́n pè é.

Nígbà tí mo mú Felisité, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, wá hàn án, ó kúnlẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú orúnkún rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ọbẹ̀ ẹ̀pà sè?"

"Mo mọ̀ ọ́n sè dáadáa, màmá."

"Ṣé o máa ń bínú?"

"Rárá o, màmá."

"Ṣé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

Ìyá àgbà bu omi rẹ̀, ó mu ún, ó wá fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Kò mọ ọbẹ̀ ẹ̀pà sè. Ó máa ń bínú, ìbínú náà sì le."

Mo ní, "Ẹ̀kẹta ńkọ́, Ìyá?"

"Ẹ̀kẹta, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sùn fọnfọn. Ó ṣe mí láàánú. Fẹ́ ẹ kíá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jí."

Mo fẹ́ ẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀pà yẹn, mo ń jẹ ẹ́ títí di òní.

Ìjà rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni ti òun àti Rojé, ọkọ ọmọ Tántí Dúpẹ́. Rojé ń ṣọ́ ilé ìtajà kan. Ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta nípa bí a ṣe ń mọ òpùrọ́, ó sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá fi hàn wá nínú ọ̀rá. Ó ní ẹni tó ń purọ́ kì í lè wo ènìyàn lójú, ó sì máa ń fọwọ́ kan imú. Ó ní òun ti mú ẹnì kan báyìí: ọmọbìnrin kan tó ń tajà níbẹ̀. Òun bi í ní ọ̀rọ̀ nípa ọjà tó sọnù, ó sì ń wo ilẹ̀ títí.

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ará Kétu kan ni, màmá."

"Ìwọ tó tó bàbá rẹ̀, ìwọ lo fẹ́ kó wò lójú? Bó bá wò ọ́, wàá ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá wolẹ̀, o ní olè ni. Níbo ni kó gbé ojú náà sí, Rojé? Sínú àpò?"

Rojé ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Ìyá àgbà ní kó jókòó. Ó ní, "Ó dáa, wò mí lójú dáadáa. Ọmọ méje ni mo bí. Mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Èwo ni irọ́ nínú méjèèjì?"

Rojé wò ó títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ òfuurufú ni irọ́, màmá."

"Méjèèjì ni irọ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò fọwọ́ kan imú!"

"Imú ò yún mi."

A rẹ́rìn-ín títí Rojé fi bínú. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ gun ọ̀kadà rẹ̀, Ìyá àgbà pè é padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kó lọ bẹ ọmọ náà. Rojé lọ ní ọjọ́ kejì. Gbólóhùn tó fi sin ín jáde rèé: "Òpùrọ́ ló máa ń wo ènìyàn lójú jù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ti gbà á gbọ́."

Kí ẹ má rò pé kì í ṣàṣìṣe. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Katékíìsì, olùkọ́ ìjọ wa nígbà yẹn, wá sọ fún un pé ìyá òun kú ní Ṣábẹ̀, òun fẹ́ lọ sin ín. Ó dúró síwájú rẹ̀ nínú bàtà aláwọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́, ìka ń gbéra nínú awọ bí eku nínú àpò. Ìyá àgbà sọ níwájú àwọn oníbàárà pé irọ́ ló ń pa. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ kú. Bàtà ló há. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló tà á fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tó ní, "Wọ̀ ọ́ báyìí, á fẹ̀ bó bá yá."

Ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó lè bí, láàárín Zongo, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà kò sì fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ọyẹ́ ń la ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ, ìta ni á wà. Ó ní, "Ẹni tó bá ń ka ẹsẹ̀ ẹlòmíì, kó gbé tirẹ̀ sí gbangba."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ̀ ẹ́.

Kọ́lá ni àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́rin. Ó ń wa kámíọ̀ lọ sí Malanville. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé nínú kámíọ̀ ẹlòmíì. Kò tíì gbéyàwó. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ṣáájú fi oko kajú kan sílẹ̀ fún un ní Ṣábẹ̀, àti yàrá méjì iwájú nílé wa ní Lajifarani. Bí Kọ́lá kò bá lọ́mọ, Bàbá Kékeré ló ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn àbúrò bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ tí Bàbá Kékeré fi ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Rábì wọlé wá. Ọmọbìnrin Zongo kan ni, mása, àkàrà ìrẹsì, ló ń dín lẹ́bàá gàráàjì, ó pọn ọmọ ọwọ́ kan. Ó ní ọmọ Kọ́lá ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti sọ fún un pé bí àwọn ará Ṣábẹ̀ kò bá gba ọmọ wọn, kí òun àti ọmọ náà má padà sílé. Àwọn ẹlòmíì sì ń sọ ní gàráàjì pé oníṣòwò àlùbọ́sà kan láti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ máa ń jókòó pẹ́ nídìí mása yẹn.

Bàbá Kékeré ti gbọ́ ti alálùbọ́sà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ẹbí jọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹsẹ̀ kì í purọ́. Ẹ ka ti ọmọbìnrin yìí níwájú gbogbo wa. Ohun tí ẹ bá sọ, abẹ gé e." Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí. Wọ́n ti lé àwọn ọmọdé jáde, ṣùgbọ́n mo ti wà lábẹ́ bẹ́ńṣì, láàárín àwọn páálí bàtà, ẹsẹ̀ ni mò ń rí, ẹsẹ̀ nìkan.

Rábì bọ́ tapẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sùn.

"Níbo lo ti mọ ọmọ mi?"

"Gàráàjì ni, màmá. Ó máa ń jẹ mása lọ́dọ̀ mi kó tó gbéra."

"Kí ló máa ń fi jẹ ẹ́?"

"Ṣúgà ni, màmá. Ṣúgà tó pọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé eyín rẹ̀ á jẹrà."

Ẹnì kan fa ikun nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni Kọ́lá ṣe ń jẹun. Ìka ẹsẹ̀ Rábì sùn.

"Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ yìí, ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Kọ́lá ni, màmá."

Ìyá àgbà dìde láti bu omi. Ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ohun tó rí, mo rí i: ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di ilẹ̀ mú. Àtàǹpàkò òsì wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ alámọ̀ náà là.

Ìyá àgbà dúró síbẹ̀. Kò dé ìdí àmù omi. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já, ó ń mì. Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wá bàtà tó bá a mu. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó jókòó, ó fa ìró rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì, ó ki etí aṣọ náà sábẹ́.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Kọ́lá ni."

Bàbá Kékeré fò dìde. "Ìyàwó wa, ẹ tún un wò!"

"Mo ti wò ó, Bàbá Kékeré. Ṣé kí n wá wo tiyín náà? Ẹ bọ́ bàtà."

Kò bọ́ ọ. Ó jáde pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ oko kajú sì parí síbẹ̀.

Rábì bá Ìyá àgbà ta bàtà fún ọdún mélòó kan, kó tó lọ fẹ́ ọkọ sí Kandi. Ọmọ náà dúró ti Ìyá àgbà. Ìyá àgbà kò bi Rábì léèrè mọ́, òun náà kò sì sọ. Rábì náà ti kú báyìí. Àwọn méjèèjì máa ń jẹun nínú abọ́ kan, mo sì gbàgbọ́ pé ohun tí ẹnì kan mọ̀ ni ẹnì kejì mọ̀.

Nígbà tí Ìyá àgbà kò lè dìde mọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó tì í. Ọyẹ́ mú. Wọ́n fi aṣọ méjì bò ó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí kíá. Mò ń lọ."

"Ọmọ Rábì yẹn. Ṣé ọmọ Kọ́lá ni?"

Ọ̀kadà kan kọjá níta, ekuru rẹ̀ wọlé.

"Ọmọ ọmọ mi ni."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, Ìyá."

"Ìyẹn ni mo dá ọ lóhùn. Ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ aṣọ. Ṣí i, kó o kà á."

Mo di etí aṣọ mú. Mo rí bí ẹsẹ̀ náà ṣe yọ sókè lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kéré bí ẹsẹ̀ ọmọdé. Iṣẹ́ náà, mo mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ mi, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìṣẹ́jú kan péré, mà á mọ̀.

Mo ki etí aṣọ náà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Mo ní, "Ọyẹ́ ń mú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó gbóná."

Ó rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ó ní, "O ti ń gbọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ ni." Ọjọ́ kẹta ló kú.

Tántí Dúpẹ́ ní kí n má purọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣa irọ́ kúrò nínú òótọ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn kò tọrọ àforíjì, orúnkún ló ń dùn ún. Eré nìyẹn, gbogbo ilé ló mọ̀. Irọ́ gidi kan ṣoṣo ni mo pa. Mo ní mo wà lábẹ́ bẹ́ńṣì. Tántí Dúpẹ́ ló wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. Òun ló rí ìka tó di ilẹ̀ mú, òun ló rí ìró tó bo ẹsẹ̀, ó sì sọ fún mi nígbà tí èmi náà ti di bàbá ọmọ. Rábì tí mo ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹgbẹ́ mi, ìyá mi ni, kó forí jì mí níbi tó wà. Èmi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mò ń sùn, ẹsẹ̀ mi sì wà níta.